Orúkọ Kan Kù Nínú Àká

Aago mẹ́wàá ààbọ̀ ku díẹ̀, ó tún kú.
Kì í ṣe kọ̀mpútà ló kú o. Àká ni,
fáìlì kan ṣoṣo tí àwa méje jọ ń kọ nǹkan sí
ní ọ́fíìsì ẹja ní èbúté Vágur,
níbi tí òjò ti ń fi ẹ̀gbẹ́ rọ̀
bí ẹni fẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé.

Dánjal pariwo láti yàrá kejì: "Ó ti lé mi jáde!"
Sunnvá náà figbe ta.
Ìwọ̀n ọgọ́rin àpótí kọ́ọ̀dù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ tán
di àmì ìbéèrè, ó di ilà dúdú,
ó di lẹ́tà ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbé rí.

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí:
Hanus ni gbogbo wa nàka sí,
nítorí bó ṣe máa ń pa kọ̀mpútà dé bí ìwé orin,
kò ní dágbére fún fáìlì, á kàn jáde lọ fa sìgá.
A bá a wí. Ó gbọ́.
Ó jókòó odindi òwúrọ̀ kan, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n.
Aago mẹ́wàá ààbọ̀ ku díẹ̀,
ó tún kú.

Wọ́n ní kí n tún un ṣe, torí èmi ni mo kéré jù,
torí mo lo ọdún kan ní Tórshavn nídìí ẹ̀kọ́ kọ̀mpútà,
ọdún tí mo fi mọ bí a ti ń sùn lórí àga.
Mo da gbogbo wọn síta. Mo ṣe ẹ̀dà fáìlì kí n tó fọwọ́ kàn án:
ẹni tí yóò tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ a kọ́kọ́ so ọkọ̀ mọ́ èbúté.
Mo ní kí àká tún ara rẹ̀ tò. Ó tò.
Ó dára títí di ọjọ́ kejì.

Fáìlì kékeré kan wà tó máa ń yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ńlá
bí ẹni àkọ́kọ́ bá ti wọlé;
iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó kọ orúkọ ẹni tó wà nínú ilé,
bí ẹni ìkẹyìn bá jáde, a pa rẹ́.
Lọ́jọ́ kẹrin, àwa méje jáde tán, kò pa rẹ́.
Mo ṣí i. Orúkọ kan ló kù níbẹ̀:
ELSBA.

Elsba tí a sin ní oṣù kejì,
tí ilẹ̀ dì gbagidi, tí ọkọ́ ò fẹ́ẹ̀ wọ̀ ọ́.
Elsba tó kó ẹja wa kúrò nínú ìwé wọ inú àká yìí
lọ́dún méjìlá sẹ́yìn, tó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń da àgùntàn.
Sunnvá gbé kọfí rẹ̀ sílẹ̀. Hanus ṣí fìlà.
Èmi wọ bàtà òjò, mo tẹ̀lé wáyà.

Wáyà ò bẹ̀rù òkú. Ó gba ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù,
ó gba abẹ́ àtẹ̀gùn, ó ré ẹnu ilẹ̀kùn irin kọjá sí yàrá òtútù,
níbi tí kọ̀mpútà àtijọ́ kan ti ń bá òṣùwọ̀n ka ìwọ̀n
lábẹ́ ọ̀rá tí iyọ̀ ti sọ di funfun.
A ti gbàgbé pé ó ń jẹ́ orúkọ kankan.
Mo dúró tì í. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ ku díẹ̀:
ọkọ̀ ojú omi kejì gúnlẹ̀,
Jógvan wa ọkọ̀ agbẹ́rù wọlé, tọ́ọ̀nù ẹja kan lórí rẹ̀,
táyà gun ẹnu ọ̀nà, ó tẹ wáyà mọ́ irin,
gáú.
Ọ̀rọ̀ já sí méjì lẹ́nu Elsba.
Ibi tó já sí nínú àká ni gbogbo wa ti ń ṣubú.

Mo ra wáyà tuntun, mo gbé e gba òkè àjà.
Mo pín àká náà: ìkòkò nìkan ló kù láàárín,
kálukú gbé àwo tirẹ̀ lọ sórí tábìlì rẹ̀.
A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Hanus. Ó ní sìgá ni kí a fi tọrọ rẹ̀.

Ọ̀gá ní kí n yí orúkọ ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ yẹn padà,
kó máa jẹ́ ÒṢÙWỌ̀N KÌÍNÍ. Mo ní mo gbọ́.
Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti gbọ́.
Lálaalẹ́, kí n tó paná, mo máa ń ṣí fáìlì kékeré wò:
Dánjal ti jáde. Sunnvá ti jáde. Èmi náà ń lọ.
Ọkọ̀ alẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni,
ó ku ẹnì kan tó ń wọn ẹja.